Nígbà Tí Ọtí Bá Di Bárakú

Ọ̀rọ̀ tí à ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ènìyàn nígbà tí ọ̀mùtí bá ṣubú sí kòtò ni pé, “Òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ fà á.” Àwa kò jiyàn pé ẹnìkan ló fi ipá da ọtí sí i lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a bèèrè bóyá ẹni tó ro ife kìíní ro kí ó tó mu ún, lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn, ni ẹni kan náà tí ọwọ́ rẹ̀ ń wá owó ọtí nínú àpò lówùúrọ̀ yìí kí ó tó bọ́jú.

Orúkọ tí àwọn baba wa fún irú nǹkan báyìí ni bárakú. Ohun tó bá ti di bárakú, ènìyàn kì í gbèrò rẹ̀ mọ́. Ṣíṣe ló ń ṣe é.

Ní ọdún 2002, ọ̀mọ̀wé Anthony Dickinson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n kọ́ àwọn eku láti máa tẹ irin kan kí wọ́n lè rí oúnjẹ, kí wọ́n sì máa tẹ òmíràn kí wọ́n lè rí ọtí. Lẹ́yìn náà, wọ́n fi oògùn kó ìrìndọ̀ bá wọn, àwọn kan lórí oúnjẹ, àwọn mìíràn lórí ọtí, títí ohun náà fi sú wọn. Nígbà tí wọ́n dá wọn padà sídìí irin, àwọn tí oúnjẹ sú dẹwọ́ lórí irin oúnjẹ. Àwọn tí ọtí sú kò dẹwọ́ lórí irin ọtí. Inú wọn ti kọ ọtí, ẹsẹ̀ wọn kò tíì gbọ́. A mọ̀ pé ènìyàn kì í ṣe eku. Síbẹ̀, mélòó nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa ni kò mọ bàbá kan tó ń bú ọtí tọkàntọkàn pẹ̀lú ife lọ́wọ́?

Bárakú a sì máa ní ibùgbé. Ẹ wo awakọ̀ tó dé gáréèjì ní ìrọ̀lẹ́, tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà, lábẹ́ agbòòrùn kan náà. Oníparaga kò bi í ní ohun tí yóò mu. Ó ti bù ú fún un. Lóru àná, nínú ilé, ó ti pinnu pé òun kò ní mu mọ́, òótọ́ inú ló sì fi pinnu. Ṣùgbọ́n ibi tí òùngbẹ kò sí ló ti pinnu, ibi tí òùngbẹ wà ni wọ́n ti dán an wò. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ gba ọ̀nà mìíràn relé wúlò ju ìbúra mẹ́wàá lọ.

Àwọn àgbà mọ èyí. Ìtàn sọ pé ẹmu ló pa Ọbàtálá tí oorun fi gbé e lọ, tí Odùduwà fi gba iṣẹ́ dídá ilẹ̀ ayé mọ́ ọn lọ́wọ́. Láti ìgbà náà ni ẹmu ti di èèwọ̀ fún àwọn olùsìn òrìṣà náà. Ẹni tó ní èèwọ̀ kì í jókòó ti igbá ẹmu kó máa ṣírò iye tó tọ́ sí òun. A ti pinnu fún un kí wọ́n tó gbé igbá dé.

Ìdí nìyí tí àwa fi faramọ́ ọ̀nà tí àjọ NAFDAC gbà lórí ọtí inú ọ̀rá àti ti ìgò tí kò tó 200 mílílítà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2018 ni àjọ náà àti àwọn apọntí fohùn ṣọ̀kan láti fòpin sí i. Ní 1 oṣù Kejì ọdún 2024 ni òfin bẹ̀rẹ̀ sí í múlẹ̀, kí wọ́n tó tún sún un sí òpin ọdún 2025. Àwọn onílé-iṣẹ́ ní iṣẹ́ yóò bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn, ọ̀rọ̀ yìí kò sì ṣeé fi ṣẹ̀rín. Ṣùgbọ́n ọtí tó há sínú àtẹ́lẹwọ́, tí owó rẹ̀ kò ju ti ìpápánu lọ, kò fi àyè sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láti rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ohun kan ṣì kù tí àwọn ará ilé kì í sábà mọ̀. Ẹni tó ti ń mu ọtí líle lójoojúmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún kò gbọdọ̀ dá a dúró lójijì láìsí dókítà nítòsí. Ara rẹ̀ lè máa gbọ̀n, gìrì lè mú un, ó lè máa rí ohun tí kò sí níbẹ̀, ó sì lè kú. Ilé ìwòsàn Aro ní Abẹ́òkúta, tó ti wà láti ọdún 1954, jẹ́ ọ̀kan lára ibi tí a lè gbé e lọ. Kí ìyàwó má tì í mọ́ yàrá.