Baba Tí Kò Kàwé Níbí: Ìdá Mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n Nínú Ọgọ́rùn-ún

Nígbà tí ìròyìn jáde ní ọdún 2025 pé ìjọba Ireland fẹ́ dán ètò fọ́ọ̀mù kan ṣoṣo wò ní àwọn ìlú mélòó kan, kí òbí lè sinmi àtimáa kiri láti ẹnu ọ̀nà ilé ìwé girama kan dé òmíràn, inú ọ̀pọ̀ nínú wa dùn, ó sì yẹ kí ó dùn. Ṣùgbọ́n ohun tí ń yan ọmọ kò sí lára fọ́ọ̀mù; inú ìlànà ìgbọmọwọlé tí ilé ìwé kọ̀ọ̀kan kọ ni ó wà, ibẹ̀ sì ni ọ̀ràn ìdílé fara pamọ́ sí.

Bí àwọn tí ń wá àyè bá pọ̀ ju àyè lọ, ilé ìwé a tẹ̀lé ìlànà rẹ̀ láti òkè wá sí ìsàlẹ̀: ọmọ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti wà níbẹ̀, ọmọ àdúgbò, ọmọ tí ó ti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan pàtó wá. Òfin ìgbọmọwọlé ti ọdún 2018 ní Ireland sì gba ilé ìwé tí ó bá fẹ́ láyè láti ya tó ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún àyè rẹ̀ sọ́tọ̀ fún ọmọ àti ọmọ-ọmọ àwọn tí ó ti kàwé níbẹ̀ rí. Ẹni tí ó bá ní baba nígbẹ̀ẹ́jọ́ kì í jẹ̀bi. Ẹ wá wo àkọ́bí ọkùnrin kan tí ó kàwé ní Iléṣà kí ó tó tẹ̀dó sí Clonsilla, ní ìwọ̀-oòrùn Dublin: kò sí ẹ̀gbọ́n tí ó ṣáájú ọmọ náà wọlé, òkè òkun sì ni ilé ìwé tí baba rẹ̀ ti jáde wà. Ìlànà náà kò dárúkọ àwọ̀ tàbí ẹ̀yà níbì kankan, síbẹ̀ ọmọ náà ti wà lẹ́yìn kí wọ́n tó ka orúkọ rẹ̀.

Ẹjọ́ ìlú Clonmel ni ó tú ọ̀ràn yìí síta. Fún ìwọlé ọdún 2010, ilé ìwé àwọn Christian Brothers níbẹ̀ kò gba ọmọkùnrin kan láti inú àwọn Traveller, ọmọ bíbí Ireland tí àwọn baba wọn ń ṣí láti ibì kan dé ibì kan. Ìlànà ilé ìwé náà fi ọmọ àwọn tí ó ti jáde níbẹ̀ ṣáájú. Ìbò ni wọ́n fi yan nínú àwọn tí ó kù, ìbò kò sì mú un. Ìgbìmọ̀ tí ń gbọ́ ẹjọ́ ìdọ́gba dá a láre, nítorí pé àwọn ọkùnrin Traveller tí ó tẹsẹ̀ bọ ilé ìwé girama nígbà èwe baba rẹ̀ kò tó nǹkan. Ilé ẹjọ́ tí ó tẹ̀lé e yí ìdájọ́ náà padà, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sì kọ ẹ̀bẹ̀ ìdílé náà ní ọdún 2015.

Owó kọ́ ni ó dí ọmọ yẹn lọ́nà. Donogh O'Malley, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, ti kéde ẹ̀kọ́ girama ọ̀fẹ́ ní Ireland ní 1966, ètò náà sì bẹ̀rẹ̀ ní 1967, bí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, ti ṣílẹ̀kùn alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ fún Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ní 1955.

Ní Clonsilla fúnra rẹ̀, ó jọ pé ìlànà baba yìí kò ní múná tó ti àárín ìlú, nítorí pé ọ̀pọ̀ ilé ìwé girama agbègbè wa kò tíì dàgbà tó láti ní ọmọ-ọmọ. Ti ẹ̀gbọ́n àti ti àdúgbò ni ó ń dùn wá jù. Ṣùgbọ́n èmi kò rí ìdí tí àwọn ilé ìwé àtijọ́ fi ní láti máa fi ìwé ẹ̀rí baba wọn ọmọ. Ní 2020 ni Aodhán Ó Ríordáin, aṣòfin ẹgbẹ́ Labour nígbà náà, gbé àbá òfin wá láti fòpin sí i, mo sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Nísinsìnyí ná, ẹ̀yin òbí tí a kọ ọmọ yín, òfin 2018 kan náà pa á láṣẹ pé kí ilé ìwé kọ ìdí rẹ̀ sínú lẹ́tà, kí ó sì sọ ipò tí ọmọ wà nínú ìtòtẹ̀léra. Ẹ béèrè fún un, nítorí lẹ́tà yẹn ni ẹ ó mú dání bí ẹ bá ń pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn.