Ìlù Ara Ògiri: Ilé Olórin Láti Agbo Ilé Àyàn Dé Fúláàtì Okala

Bí ènìyàn bá wọ pálọ̀ olórin nílùú ńlá lóde òní, ìbáà jẹ́ ní Sùúrùlérè, ní Cotonou, tàbí ní Okala tó wà lápá àríwá Libreville, olú ìlú Gabon, ògiri ni ojú rẹ̀ máa kọ́kọ́ bà lé. Gángan á wà níbẹ̀, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ á wà níbẹ̀, àdìrẹ tí wọ́n nà sínú férémù, fọ́tò òde àríyá àtijọ́, àti gìtá kan tí okùn rẹ̀ ti dín. Àwọn ìwé ìròyìn aláràbarà fẹ́ràn irú ògiri bẹ́ẹ̀. Wọ́n á to ìyàwó àtàwọn ọmọ síwájú rẹ̀, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á sì kọ ọ́ pé olórin náà "fi àṣà ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́". Ìbéèrè kan ni wọn kì í bi í: ìgbà wo lẹ gbé ìlù yẹn sọ̀ kalẹ̀ kẹ́yìn?

Bí agbo ilé Àyàn, òrìṣà àwọn onílù, ṣe rí kò ṣàjèjì sí wa. Ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ ti ń jẹ́ Àyándélé tàbí Àyánwálé kí ó tó mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí ti òsì. Ìlù kéékèèké ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ fún un, ọdún púpọ̀ á sì kọjá kí wọ́n tó fi ìyáàlù lé e léjìká. Ibẹ̀ ni ilé ẹ̀kọ́, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fá awọ ewúrẹ́, ibẹ̀ ni ojúbọ, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń jẹ tí wọ́n ti ń sùn. Aládùúgbò kan kì í wá kanlẹ̀kùn pé ariwo pọ̀ jù, nítorí ariwo yẹn ni wọ́n fi mọ àdúgbò náà.

Fúláàtì ló wá tú gbogbo èyí ká. Ẹni tó gba yàrá méjì àti pálọ̀ kan lókè ilé alájà mẹ́ta kò ní àgbàlá, kò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò sì ní igun tí àlejò kì í dé. Ohun tí agbo ilé pín sí ojú mẹ́wàá, ara ògiri kan ṣoṣo ló máa bọ́ sí. Nítorí náà ni mi ò ṣe fara mọ́ àwọn tó ń sọ pé ògiri olórin jẹ́ ọ̀ràn ẹwà lásán. Ẹwà wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ àìráyè ló kọ́kọ́ gbé ìlù lọ síbẹ̀.

Fún ọmọ Yorùbá tàbí Nàgó tó ń gbé Libreville, ìdí mìíràn tún wà. Àwọn àgbà tó jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè Benin níbẹ̀ kò lè gbàgbé ọdún 1978. Kérékou, ààrẹ Benin nígbà náà, ti fẹ̀sùn kan Bongo, ààrẹ Gabon, pé ó lọ́wọ́ nínú ìkọlù tí àwọn jagunjagun àgbàṣe ṣe sí Cotonou ní January 1977, ìbínú ọ̀rọ̀ yẹn ló sì mú kí ìjọba Gabon lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Benin jáde. Ọ̀pọ̀ nínú wọn fi àga, bẹ́ẹ̀dì àti ọjà inú ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀. Ẹni tó bá ti gbọ́ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ lẹ́nu òbí rẹ̀ á mọ̀ pé ìlù tó wà lára ògiri ṣeé já, ó ṣeé kó sínú àpò, ó sì ṣeé gbé lọ.

Àríyànjiyàn tó gbà mí lọ́kàn jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ti ìlù tí wọ́n ti ṣe nǹkan sí. Kò sí ẹni tó ń jà lórí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ tí wọ́n rà lọ́jà. Ìyáàlù batá tí wọ́n fi Àyàn sí nínú, tí wọ́n bọ, tí wọ́n sì fún lóúnjẹ, lọ́rọ̀ wà lórí rẹ̀. Àwọn kan nínú àwọn àgbà onílù ní èèwọ̀ ni kí irú rẹ̀ wà níwájú tẹlifíṣọ̀n, níbi tí àlejò ti ń mu bíà, tí ọmọdé ti ń jù bọ́ọ̀lù. Àwọn ọ̀dọ́ olórin sì máa ń dáhùn pé ìgbà wo ni ìlù kò gbé ara ògiri rí? Wọ́n jàre dé ibì kan. Ìlù kì í sùn nílẹ̀ nílé Àyàn. Èèkàn ara ògiri ni ibùsùn rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ṣùgbọ́n èèkàn yẹn kò ga kọjá ibi tí ọwọ́ onílù tó. Alẹ́ ni wọ́n ń fi í kọ́, bí ilẹ̀ bá mọ́ wọ́n á gbé e jáde. Ti inú fúláàtì lè lo ọdún mẹ́ta níbẹ̀ kí ó má gbúròó ọ̀pá.

Àwọn ọmọ wa tó wà ní Cuba ti bá ọ̀rọ̀ yìí jà ṣáájú wa. Nínú yàrá há-há Havana ni wọ́n ti pa batá mọ́ láti ìgbà ẹrú. Wọ́n pín ìlù sí méjì: èyí tí Àñá, bí wọ́n ṣe ń pe Àyàn níbẹ̀, wà nínú rẹ̀, àti èyí tí wọ́n ń pè ní aberikulá, tí wọn kò ṣe nǹkan kan sí. Aberikulá lè lọ sí tíátà, ó lè lọ sí ilé ẹ̀kọ́, ẹnikẹ́ni sì lè fọwọ́ kàn án. Nígbà tí ọ̀mọ̀wé Fernando Ortiz mú batá wá síwájú gbogbo ènìyàn ní Havana ní 1936, irú èyí ni àwọn onílù gbé wá. Ọgbọ́n ńlá ni. Ohun tó kù tí kò yanjú ni ibi tí olórin máa gbé ìlù kejì, èyí tó ní Àñá nínú, sí nínú yàrá méjì. Ìdí bẹ́ẹ̀dì ni ọ̀pọ̀ máa dáhùn. Mi ò rí bí ìdí bẹ́ẹ̀dì ṣe ní ọ̀wọ̀ ju ara ògiri lọ.

Ọ̀rọ̀ náà kò sì jẹ́ ti Yorùbá nìkan ní Okala. Gabon ní ngombi, dùùrù olókùn mẹ́jọ tí kò ṣeé yọ kúrò nínú ìsìn Bwiti. Ọ̀dọ̀ àwọn Mitsogo àtàwọn ìran tó yí wọn ká ni Bwiti ti bẹ̀rẹ̀ kí àwọn Fang tó gbà á. Ọ̀pọ̀ ngombi ni wọ́n gbẹ́ orí ènìyàn sí. James Fernandez, tó gbé ìwé ńlá jáde lórí Bwiti àwọn Fang ní 1982, ṣàlàyé pé ohùn Nyingwan Mebege, arábìnrin Ọlọ́run, ni wọ́n gbà pé ó ń jáde láti inú rẹ̀. Lónìí ngombi wà nínú àwọn mùsíọ́mù Yúróòpù, ó wà lórí àtẹ àwọn tó ń ta iṣẹ́ ọnà fún àlejò, ó sì wà lára ògiri pálọ̀. Àwọn tó ń rà á fún ẹ̀ṣọ́ á ní tiwọn kò dé ojúbọ rí. Àwọn onísìn náà á ní orí tí wọ́n gbẹ́ sí i kò mọ̀ bóyá ojúbọ ni òun wà tàbí pálọ̀, orí ni. Èmi gbà pẹ̀lú àwọn onísìn níbí. Bí ènìyàn bá fẹ́ ẹ̀ṣọ́ ògiri, nǹkan mìíràn pọ̀ lọ́jà.

Ẹlòmíràn á ní orin Gabon ti jáde kúrò nínú ojúbọ tipẹ́, pé ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, Pierre-Claver Akendengué àti Hughes de Courson da orin àwọn ìran Gabon pọ̀ mọ́ ti Bach nínú àwo Lambarena, kò sì sí ohun tó bàjẹ́. Òótọ́ ni. Àmọ́ nínú àwo yẹn, orin ń dún. Dùùrù tó jáde kúrò nínú ojúbọ láti lọ dákẹ́ sí ara ògiri kò rìn ìrìn kan náà.

Ẹni tí gbogbo àríyànjiyàn yìí kì í sábà dárúkọ ni obìnrin ilé. Ní Cuba, òfin le koko: obìnrin kì í fọwọ́ kan batá tó ní Àñá. Nílé níbí, ó yàtọ̀ láti ìdílé dé ìdílé. Àwọn obìnrin ilé Àyàn gbọ́ èdè ìlù dáadáa, a sì ti rí obìnrin tó ń lu gángan lórí ìtàgé. Ẹ wá wo fúláàtì. Ọkọ lọ sí òde lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀, kò ní dé títí di ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Ta ló ń nu eruku ara ìyáàlù? Bí òrùlé bá jò, ta ló ń já a kúrò lábẹ́ omi? Ta ló kọ́kọ́ rí i pé ọ̀sán ti já, pé ṣaworo kan ti bọ́? Òfin tó ní kó má fọwọ́ kàn án kò mú iṣẹ́ ibẹ̀ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Bí àwọn àgbà bá ń jókòó lórí ọ̀rọ̀ ìlù inú fúláàtì, ó yẹ kí obìnrin ní àga níbẹ̀.

Iṣẹ́ náà kò sì kéré ní Libreville. Òjò ibẹ̀ lé ní mílímítà 2,500 lọ́dún; láti June dé bíi àárín September nìkan ni ilẹ̀ máa ń gbẹ dáadáa. Awọ ìlù kì í fẹ́ ọ̀rinrin. Ó máa ń dẹ̀, ohùn rẹ̀ á wúwo, bí wọn kò bá sì tètè mójú tó o, á hu èèbu. Nínú agbo ilé, oòrùn àgbàlá àti ooru iná ìdáná ló ń tún un ṣe. Nínú fúláàtì, bákónì tí wọ́n ti sá aṣọ sí ló kù, tàbí ẹ̀rọ amúlétutù, tí owó iná rẹ̀ kì í ṣe ti gbogbo olórin. Ìlù tí wọn kò lù nínú irú ojú ọjọ́ yìí, kíkú ló ń kú lọ díẹ̀díẹ̀, bó ti wù kí férémù ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dára tó.

Ìgbé ayé ẹbí fúnra rẹ̀ kì í hàn nínú fọ́tò. Oṣooṣù ni owó ilé ń dé. Owó òde kì í ṣe oṣooṣù. Bàbá ń sùn lọ́sàn-án, àwọn ọmọ gbọ́dọ̀ rọra ṣeré. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ìlù á wá ṣe ìfidánrawò ní pálọ̀, ìyàwó ló máa se oúnjẹ, òun náà ló máa lọ bẹ aládùúgbò ìsàlẹ̀. Ibi tí mo ti ń yin fúláàtì ni pé ọmọ kò lè ṣe kó má gbọ́. Odi sìmẹ́ńtì kò pa ohùn mọ́, gbogbo àṣìṣe àti àtúnṣe ni etí rẹ̀ ń mú. Ọmọ tó ń fi ọwọ́ gbá tábìlì ní ìlànà gúdúgúdú bó ṣe ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá ti wà nínú ilé ẹ̀kọ́ Àyàn, bí wọ́n bá máa jẹ́ kó gbé ìlù sọ̀ kalẹ̀. Níbi yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ilé ti ń kùnà. "Má fọwọ́ kàn án, ẹ̀ṣọ́ ni," ni ọ̀pọ̀ ọmọ ń gbọ́.

A mọ bí ó ṣe ń rí nígbà tí ilé olórin bá di ti gbogbo ayé pátápátá. Ilé Fẹlá tó wà ní òpópónà Gbẹ̀misọ́lá, Ìkẹjà, di mùsíọ́mù ní 2012. Wọ́n fi yàrá rẹ̀ sílẹ̀ bí ó ṣe wà, àlejò sì lè rí aṣọ àti bàtà rẹ̀. Inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n ilé Fẹlá kan ṣoṣo la ní, àwọn olórin tó kù yóò fi ohun ìní wọn sílẹ̀ fún ọmọ, ibẹ̀ sì ni ìjà tó le jù wà.

Láti ìgbà tí Privy Council ti dá ẹjọ́ Dáwódù àti Dánmọ́lé ní 1962, ìdí-igi, ìyẹn pípín ogún ní iye ìyàwó, ni ilé ẹjọ́ kọ́kọ́ ń wò nínú ogún olóbìnrin púpọ̀, orí-ò-jorí, ìyẹn pípín in ní iye ọmọ, ń tẹ̀ lé e. Ìlànà yẹn dára fún ilé àti ilẹ̀. Fún ìlù, ó burú jáì. Bí wọ́n bá pín ọ̀wọ́ dùndún sí ìdí-igi mẹ́rin, ìyáàlù á lọ sí ọ̀dọ̀ kan, kẹríkẹrì á lọ sí òmíràn, ìṣáájú àti gúdúgúdú á gba ọ̀nà tiwọn, ẹnikẹ́ni kò sì ní lè fi ìkankan nínú wọn ṣe òde mọ́. Ara ògiri fúláàtì mẹ́rin ni wọ́n máa parí sí. Olórin tó bá mọ èyí, ìgbà tó ṣì wà láàyè ni kó pe ẹbí jọ, kó fi gbogbo ọ̀wọ́ náà lé ọmọ tó lè lù ú lọ́wọ́, ì báà jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin, kó sì fi nǹkan mìíràn tẹ́ àwọn tó kù lọ́rùn.