Ẹ̀tọ́ Òṣìṣẹ́ Kì í Ṣe Ọrẹ Àánú

Bí òpin ọdún bá ti ń súnmọ́, ariwo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé a gba Ṣómólú kan, nítorí pé ìgbà kàlẹ́ńdà ti dé. Ẹni tí ó bá gbé iṣẹ́ wá yóò san àsansílẹ̀. Bí iṣẹ́ bá sì parí, yóò san ìyókù kí ó tó gbé ẹrù rẹ̀. Àwa bi ẹ̀yin òǹkàwé wa: bí oníbàárà kan bá kó kàlẹ́ńdà lọ, tí ó sì ní kí atẹ̀wé dúró fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí ó tó gba owó rẹ̀, orúkọ wo ni ẹ ó pe irú ẹni bẹ́ẹ̀? Síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ gan-an ni Ìjọba Àpapọ̀ ṣe sí àwọn òṣìṣẹ́ Nigeria Airways.

Ọ̀ràn náà kò jìnnà sí wa. Òṣìṣẹ́ pápákọ̀ òfuurufú tí ó ń gbé Bárígà tàbí Ṣómólú, ọ̀nà Ìkòròdú ni ó ń gbà lọ sí Ìkẹjà láàárọ̀. Ọjà wa ni aya rẹ̀ ń ná, ilé ẹ̀kọ́ wa ni àwọn ọmọ rẹ̀ ń lọ. Bí owó rẹ̀ bá há sí Àbújá, onílé, olùkọ́ àti alátẹ àdúgbò ni yóò bá a pín nínú ìyà náà.

Ní ọdún 1958 ni Nàìjíríà dá ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú tirẹ̀ sílẹ̀, lẹ́yìn èyí tí àwọn ilẹ̀ mẹ́rin tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà jọ ní láti ọdún 1946. Ní 1961, gbogbo rẹ̀ di ti ìjọba wa. Ní 1971, ó di Nigeria Airways. Erin tí ó ní ìyẹ́ ni àmì rẹ̀, ojú ọmọ Nàìjíríà a sì máa dán bí ó bá rí i ní ilẹ̀ òkèèrè. Ṣùgbọ́n gbèsè àti àìbìkítà jẹ ẹ́ run. Ní ọdún 2003, lójú ìjọba Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, erin wó.

Láti ìgbà náà, ọdọọdún ni a ń ka ètò ìṣúná ní Àbújá. A rí owó fún ọ̀nà, a rí owó fún ọ́fíìsì, a rí owó fún ọkọ̀ àwọn ọ̀gá. Ṣùgbọ́n kò sí ètò ìṣúná kan tí ó pa gbèsè àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí rẹ́. Ọdún 2018 ni ìjọba olóògbé Ààrẹ Muhammadu Buhari tó gbé nǹkan bí bílíọ̀nù 22 náírà sílẹ̀, èyí tí ó tó ìdajì gbèsè náà. Nígbà tí wọ́n pe àwọn ènìyàn fún àyẹ̀wò ní Èkó, Kánò àti Enugu, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti kú. Opó àti ọmọ òrukàn ni ó wá dúró ní ipò òkú.

Àwọn tí ó sì wà láàyè, kí ni wọ́n gbà? Ní 2003, dọ́là kan kò tó 140 náírà. Ní 2018, ó ti lé ní 300. Owó tí ìbá kọ́ ilé ti di owó oògùn. Ẹni tí ó san gbèsè bẹ́ẹ̀, ìdá kan ni ó san, ó ti jẹ ìyókù mọ́lẹ̀.

A mọ èsì tí àwọn aláṣẹ yóò fọ̀: owó kò tó, ilé ìwòsàn ń bẹ, ilé ẹ̀kọ́ ń bẹ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn tí a fẹ́ kọ́ jẹ́ èrò. Owó iṣẹ́ tí a ti ṣe tán jẹ́ gbèsè. Ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, a kò sì lè sọ fún ebi pé kí ó dúró de ètò ìṣúná ọdún tí ń bọ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ àná lásán ni èyí. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2024, àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ òfuurufú fárígá, wọ́n sì léríléka láti daṣẹ́ sílẹ̀, nítorí pé ìjọba ń yọ ìdá 50 nínú 100 kúrò nínú owó tí àwọn àjọ tí ń ṣàkóso pápákọ̀ àti ojú òfuurufú ń pa wọlé. Owó tí a gbà lọ́wọ́ èrò ọkọ̀ òfuurufú yẹ kí ó kọ́kọ́ tún ẹ̀rọ ṣe, kí ó kọ́ òṣìṣẹ́ níṣẹ́, kí ó sì san owó wọn, kí ọkọ̀ lè balẹ̀ ní àlàáfíà.

Nítorí náà, ohun méjì ni àwa ń béèrè. Èkínní, kí òfin má ṣe jẹ́ kí ìjọba ti ilé iṣẹ́ rẹ̀ kankan mọ́ àyàfi bí owó àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ bá ti wà nínú ètò ìṣúná ọdún náà gan-an. Èkejì, kí owó òfuurufú máa ṣe iṣẹ́ òfuurufú kí a tó mú un lọ sí ibòmíràn. Ẹni tí ó jìn sí kòtò ní ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Àwọn òṣìṣẹ́ Nigeria Airways ti jìn. Kí ìjọba má ṣe ti ẹlòmíràn sí i.