Ojúoró

Ojúoró, tí orúkọ rẹ̀ nínú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ń jẹ́ Pistia stratiotes, jẹ́ ewéko kékeré tí ó máa ń léfòó lójú omi tí kò ní iyọ̀. Ó wọ́pọ̀ nínú adágún, ọ̀gọ̀dọ̀ àti odò tí kò yára ṣàn ní àwọn ilẹ̀ olóoru Áfíríkà, Éṣíà àti Amẹ́ríkà. Carl Linnaeus ni ó fún un ní orúkọ sáyẹ́ǹsì yìí ní ọdún 1753. Inú ẹbí Araceae ni ó wà, ẹbí kan náà pẹ̀lú kókò tí a ń jẹ.

Nínú ìwúre Yorùbá, a sábà máa ń dárúkọ ojúoró àti òṣíbàtà pọ̀, nítorí pé òkè omi ni a ti ń rí àwọn méjèèjì. Síbẹ̀, wọn kì í ṣe ewéko kan náà. Òṣíbàtà fi gbòǹgbò múlẹ̀ nínú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ omi, ewé rẹ̀ ni ó ń léfòó. Ojúoró ní tirẹ̀ kì í so mọ́ ilẹ̀. Ibi tí afẹ́fẹ́ àti omi bá gbé e lọ ni ó ń lọ.

Ìrísí

Ewé ojúoró máa ń ṣùjọ yíká bí òdòdó tí ó là. Irun wẹ́wẹ́ bò ó, afẹ́fẹ́ sì máa ń há sáàárín irun náà tí omi kò fi ní lè rin ín. Inú ewé náà rí bí kànìnkànìn, ó kún fún àyè afẹ́fẹ́. Nǹkan méjì yìí ni kì í jẹ́ kí ó rì. Gbòǹgbò rẹ̀ rí bí ìyẹ́, ó rọ̀ sínú omi, ó sì lè gùn tó 50 sẹ̀ǹtímítà. Òdòdó rẹ̀ kéré, ó sì fara pamọ́ sí àárín ewé.

Bí ó ṣe ń pọ̀ sí i

Ojúoró máa ń so èso, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó fi ń yára pọ̀ ni pé kí ìyá yọ ọwọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ jáde lójú omi, kí ọmọ sì hù ní ìparí ọwọ́ náà. Bí ọwọ́ náà bá já, ọmọ di ewéko tí ó dá dúró.

Gbígbìn àti ìtọ́jú

Kò gba ilẹ̀. Agbada, tánkì tàbí adágún kékeré tí omi inú rẹ̀ dákẹ́ ti tó. Ooru omi tí ó bá a lára mu jẹ́ ìwọ̀n 22 sí 30 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì. Òtútù tí ń sọ omi di yìnyín máa ń pa á. Ó fẹ́ ìmọ́lẹ̀ púpọ̀. Nínú ilé, kò yẹ kí omi máa kán sí orí ewé rẹ̀ léraléra, nítorí pé ó lè jẹrà. Bí ewé bá ń pọ́n, ó sábà máa ń jẹ́ pé oúnjẹ inú omi ti dín kù. Ó yẹ kí a máa kó díẹ̀ kúrò déédéé, kí ó má baà bo gbogbo ojú omi.

Àǹfààní àti ewu

Gbòǹgbò ojúoró máa ń fa náítírójìn àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì inú omi, àwọn ọmọ ẹja sì máa ń sá pamọ́ sí àárín rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá bo omi tán, ìmọ́lẹ̀ kò ní dé ìsàlẹ̀ mọ́, ọ́síjìn á dín kù, ẹja á máa kú, ọkọ̀ ojú omi kò sì ní rọ́nà kọjá. Ìdin ẹ̀fọn Mansonia tún máa ń gún gbòǹgbò rẹ̀ láti rí afẹ́fẹ́ mí, nítorí náà kò nílò láti gòkè wá sójú omi.

Ní ọdún 2022, Ìṣọ̀kan Yúróòpù fi ojúoró kún àkójọ àwọn ohun abẹ̀mí àjèjì tí ń ba àyíká jẹ́. Ní Ọsirélíà, Gúúsù Áfíríkà àti ìpínlẹ̀ Florida, wọ́n ti tú kòkòrò Neohydronomus affinis, tí ń jẹ ewé rẹ̀, sílẹ̀ láti dín in kù.

Kò yẹ kí a da èyí tí a kó kúrò nínú agbada sínú odò tàbí gọ́tà, nítorí pé ewéko kan ṣoṣo lè di púpọ̀ níbẹ̀. Orí ilẹ̀ gbígbẹ ni kí a sá a sí títí yóò fi kú. Lẹ́yìn náà, ó ṣe é fi ṣe ajílẹ̀.