Bàtà aláwọ fún ìrìn àjò orí yìnyín: ohun tó yẹ kẹ́ ẹ wò kẹ́ ẹ tó rà á

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1911, Roald Amundsen, ọmọ ilẹ̀ Nọ́wè, kó àwọn èèyàn rẹ̀ jáde kúrò ní àgọ́ wọn ní Antarctica. South Pole, ibi tí gúúsù ayé parí sí, ni wọ́n ń lọ. Àmọ́ wọ́n tètè gbéra jù. Òtútù náà lọ sílẹ̀ dé ìwọ̀n 56 nísàlẹ̀ òdo lórí ìwọ̀n Celsius, wọ́n sì ní láti ṣẹ́rí padà. Nígbà tí wọ́n fi máa dé àgọ́, òtútù ti ba gìgísẹ̀ àwọn mẹ́ta nínú wọn jẹ́.

Bàtà jẹ́ ọ̀kan lára ohun tó fún wọn níṣẹ́ jù lágọ̀ọ́ yẹn. Èyí tí wọ́n kó wá láti ilé le jù, ó sì fún jù. Léraléra ni wọ́n ń tú ojú rírán rẹ̀, tí wọ́n ń fẹ̀ ẹ́ sí i, tí wọ́n sì ń tún un rán. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kejìlá ọdún yẹn kan náà, márùn-ún nínú wọn dé South Pole.

Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn: bàtà tó ṣeé tú, tó sì ṣeé tún rán. Ìdí kan nìyẹn táwọn kan fi ṣì ń wá bàtà síkì aláwọ ti àtijọ́ lóde òní, bí ike àtàwọn aṣọ ìgbàlódé tiẹ̀ kún inú ọjà.

Síkì ni pátákó gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ méjì téèyàn ń so mọ́ ẹsẹ̀ láti fi yọ̀ lórí yìnyín. Àwọn kan ń fi sáré sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè nìkan, bàtà ike líle sì ni wọ́n ń wọ̀. Àmọ́ ìrìn àjò là ń sọ níbí: kéèyàn gbé ẹrù kọ́ ẹ̀yìn, kó máa rìn láàárọ̀ dalẹ́, nígbà míì fún ọjọ́ mélòó kan. Nínú irú ìrìn yìí, iwájú bàtà nìkan ló so mọ́ síkì, gìgísẹ̀ sì ń gbéra sókè ní gbogbo ìṣísẹ̀. Torí náà, bàtà náà gbọ́dọ̀ lè tẹ̀ níbi tí ìka ẹsẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, síbẹ̀ kò gbọ́dọ̀ máa lọ́ sọ́tùn-ún sósì. Awọ tó nípọn lè ṣe méjèèjì.

Imú bàtà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò

Ẹ dojú bàtà náà dé. Tó bá jẹ́ ti àtijọ́ lóòótọ́, imú àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ á yọ síta, á sì tẹ́ pẹrẹsẹ bí àgógó pẹ́pẹ́yẹ. Ihò mẹ́ta á wà lábẹ́ rẹ̀. Irin ṣóńṣó mẹ́ta tó wà lórí síkì ló ń wọnú àwọn ihò yẹn, irin míì á wá tẹ imú náà mọ́lẹ̀ látòkè. Bror With, ọmọ Nọ́wè, ló ṣe irú ìdè yìí ní ọdún 1927. Rottefella ni wọ́n ń pè é, ìyẹn "tàkúté eku" lédè wọn. Ẹni tó bá rí bó ṣe ń há imú bàtà á gbà pé orúkọ náà bá a mu.

Ohun tẹ́ ẹ máa rí lára bàtà tàbí nínú ìpolówó rẹ̀ ni "75 mm". Bí imú náà ṣe fẹ̀ tó níbi tí ìdè ti há a nìyẹn, mílímítà 75. Irú míì wà tó ń jẹ́ NNN BC. Ìyẹn ò ní ihò mẹ́ta, irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló wà lábùú lábẹ́ imú tiẹ̀. Ọ̀kan ò lè wọ ìdè ìkejì. Torí náà, ẹ kọ́kọ́ mọ ìdè tó wà lórí síkì yín kẹ́ ẹ tó náwó.

Tó bá jẹ́ bàtà àlòkù, ẹ yẹ ihò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò dáadáa. Tí wọ́n bá ti ya, tàbí tí imú náà ti ń là sí ìpele ìpele, ẹ fi í sílẹ̀. Kí bàtà já kúrò lára síkì nígbà tí títì ṣì jìnnà, tí yìnyín sì mu yín dé orúnkún, kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré.

Awọ, òógùn àti pọ̀nmọ́

Awọ màlúù kún fún fọ́nrán collagen, èròjà purotéènì kan tó lọ́ mọ́ra bí okùn. Àyè kéékèèké wà láàárín àwọn fọ́nrán náà. Òógùn ẹsẹ̀ tó ti di oru lè máa gba ibẹ̀ jáde díẹ̀díẹ̀. Èyí ṣe pàtàkì, torí pé omi ń gbé ooru lọ ní ìlọ́po tó lé ní 20 ju bí afẹ́fẹ́ ṣe ń gbé e lọ. Ìbọ̀sẹ̀ tó bá ti rin ń kó ooru kúrò lẹ́sẹ̀ yín nìyẹn. Kí yìnyín tó yọ́ má bàa wọlé látìta, ẹ fi ìda tí wọ́n ṣe fún awọ pa á lára.

Àmọ́ ẹ má fi iná gbẹ ẹ́ o! Tẹ́ ẹ bá fi awọ tútù sínú omi, tí omi náà gbóná dé nǹkan bí ìwọ̀n 60 sí 65, àwọn okùn collagen á tú, awọ á sún kì, á sì nípọn. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí pọ̀nmọ́ nínú ìkòkò nìyẹn. Awọ bàtà lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé àwọn oníṣẹ́ awọ ti fi omi èèpo igi tàbí kẹ́míkà chromium ṣiṣẹ́ lára rẹ̀. Síbẹ̀, èyí tí wọ́n fi èèpo igi ṣe sábà máa ń sún kì tó bá rin tí ooru sì dé nǹkan bí 70 sí 85. Ẹgbẹ́ ààrò lè gbóná jùyẹn lọ. Ẹni tó bá gbé bàtà tó rin sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, pọ̀nmọ́ ló ń sè, kò kàn mọ̀ ni. Ẹ ki ìwé ìròyìn sínú rẹ̀, kẹ́ ẹ sì gbé e síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́.

Àtẹ́lẹ̀ tó ń kú sínú páálí

Ẹ lè ti rí i rí lóde ìnáwó. Ẹnì kan gbé bàtà tó ti wà nínú páálí láti ọjọ́ pípẹ́ wọ̀, kó tó jó dé iwájú onílù, àtẹ́lẹ̀ ti ń já wẹ́wẹ́ sílẹ̀. Polyurethane ni wọ́n fi ṣe irú àtẹ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ló ń já àwọn ẹ̀wọ̀n tín-ín-tín tó so ó pọ̀, ì báà má tíì sẹ́ni tó wọ̀ ọ́ rí. Àwọn bàtà síkì kan náà ní ìpele polyurethane láàárín awọ àti rọ́bà. Nítorí náà, tí ẹni tó ń tà á bá ní, "Ó ti lé ní ogún ọdún, àmọ́ a ò wọ̀ ọ́ rí," ìyẹn gan-an ló yẹ kó bà yín lẹ́rù. Ẹ fi èékánná tẹ ẹ̀gbẹ́ àtẹ́lẹ̀ náà, kẹ́ ẹ sì tẹ bàtà náà kọdọrọ. Tó bá sán tàbí tó bú bí ìyẹ̀fun, ẹ máa lọ.

Èyí tí wọ́n rán ló dáa jù. Ọgbọ́n ìránbàtà kan wà tí wọ́n fi orúkọ Nọ́wè pè: wọ́n á ṣẹ́ etí awọ síta, wọ́n á rán an mọ́ àtẹ́lẹ̀, ẹ sì máa rí ojú òwú náà yí bàtà ká. Tí àtẹ́lẹ̀ bá jẹ, ṣúmékà tó mọṣẹ́ lè tú u, kó fi òmíràn sí i.

Níbo lẹ ti máa rí i?

Lára àwọn tó ti ṣe bàtà síkì aláwọ ni Alico àti Crispi ní Ítálì, Alpina ní Slovenia, àti Alfa ní Nọ́wè. Àwọn ará Nọ́wè máa ń ta àlòkù lórí Finn.no.

Ìrọ̀lẹ́ ni kẹ́ ẹ dán an wò, torí ẹsẹ̀ máa ń wú díẹ̀ tó bá di àsìkò yẹn. Ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan, kẹ́ ẹ wọ onírun àgùntàn lé e. Gìgísẹ̀ ò gbọ́dọ̀ máa yọ sókè nínú bàtà, àmọ́ gbogbo ìka ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ lè jó. Bàtà tó fún jù ń dí ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́, ẹ̀jẹ̀ ló sì ń gbé ooru wá síbẹ̀.

Àwọn èèyàn Amundsen lè jókòó lágọ̀ọ́ kí wọ́n sì tún tiwọn rán. Ẹ̀yin ò ní lè ṣe bẹ́ẹ̀ lórí òkè. Inú ṣọ́ọ̀bù ni kẹ́ ẹ ti mọ̀ bóyá ó fún yín.