Ṣé o mọ̀? Kọ̀ǹpútà lè ka díìsìkì tí kò sí nínú rẹ̀

Dírááfù àfarawé jẹ́ ètò inú kọ̀ǹpútà tó ń ṣe bí ẹni pé òun ni ojú ihò tí wọ́n ń ki CD tàbí DVD bọ̀. Fáìlì kan ṣoṣo ló ń kà, èyí tí orúkọ rẹ̀ sábà máa ń parí sí .iso. Inú fáìlì náà ni wọ́n da àwọn ohun tó wà lórí díìsìkì sí, bí wọ́n ṣe tò wọ́n gan-an.

Lórí Windows 8, tó jáde ní 2012, àti àwọn tó tẹ̀lé e, ètò mìíràn kò pọn dandan. Tí èèyàn bá ti tẹ fáìlì náà lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́tà tuntun bíi E: tàbí F: á yọjú láàárín àwọn dírááfù, sọ́fítíwíà á sì gbà pé díìsìkì ti wọlé. Eject ni wọ́n ń tẹ̀ láti yọ ọ́. Àwọn tó ń lo Windows 7 ní láti wá ètò bíi Daemon Tools.

Dírááfù àfarawé tún yára. Dírááfù CD oní-52x kì í kà ju nǹkan bíi 7.8 MB lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Hard disk ayé òde òní, tí fáìlì .iso máa ń wà lórí rẹ̀, yára ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì.

Géèmù àtijọ́ ló máa ń ṣe agídí. SafeDisc àti SecuROM, tí wọ́n fi ń dènà ẹ̀dà àdàkọ, ń wá àmì tí .iso lásán kì í gbé. Windows 10 kò tiẹ̀ gba SafeDisc mọ́, torí náà àwọn géèmù kan kì í ṣí níbẹ̀, kódà pẹ̀lú ojúlówó díìsìkì.