Kẹ̀kẹ́ Wà Nínú Òfin, Òkè Wà ní Kwara: Kí Ló Kù?

Ní àárọ̀ Sátidé kan, kété tí wọ́n kírun àsùbáà tán, mo gbé kẹ̀kẹ́ jáde nílé ní Basin níbí, mo dorí kọ Òkè Ṣóbì. Kẹ̀kẹ́ ológeere ni mò ń wí o, kì í ṣe kẹ̀kẹ́ Máruwá. Tòkunbọ̀ ni, táyà rẹ̀ sì ní eyín bíi ti katakata, irú èyí tí wọ́n ṣe fún ọ̀nà olókùúta. N kò tíì rìn jìnnà tí táyà ẹ̀yìn fi jò. Bàbá fọkanáísà àdúgbò wa tó bá mi lẹ̀ ẹ́ wò mí láti òkè délẹ̀.

"Lọ́yà, ṣé kò sí láburú? Ṣé ẹ ti ta mọ́tò ni?"

"Rárá o, bàbá. Òkè Ṣóbì ni mo fẹ́ gùn."

"Kí lẹ fẹ́ lọ wá níbẹ̀? Òkúta lásán ni!"

Ọ̀rọ̀ yẹn ò bí mi nínú, ṣùgbọ́n kò kúrò lọ́kàn mi títí mo fi dé ìdí òkè. Òkúta lásán ni. Ṣé ẹ rí i, ìlú tí wọ́n ní òkúta ló fún un lórúkọ la wà yìí o! Ìtàn tí àwọn àgbà ń sọ ni pé Òjó ọdẹ máa ń pọ́n irin rẹ̀ lórí òkúta kan, ibẹ̀ sì di ibi ìlọ-irin, Ìlọrin. Àwọn mìíràn ní rárá, Ìlú Erin ni. Èyí ó wù kó jẹ́, òkúta náà ṣì wà ní Ìdí-Àpe títí dòní. Mélòó nínú ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka ọ̀rọ̀ yìí lórí fóònù ló ti fojú rí i rí?

Bẹ́ẹ̀ náà ni Òkè Ṣóbì. Kò sí òkè tó ga tó o nínú ìlú yìí. Wọ́n ní ibẹ̀ làwọn èèyàn máa ń sá sí nígbà ogun. Tẹ́ ẹ bá gba ọ̀nà Òkè-Lele lọ, ẹ ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ìyá tó ń mọ ìkòkò, iṣẹ́ tí wọ́n jogún lọ́wọ́ ìyá wọn. Tẹ́ ẹ bá kọjá Ṣóbì, Ṣáò ló kàn, ìlú ọdún Awọn, níbi tí ọ̀pọ̀ ìyàwó ti ń wọlé ọkọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Tẹ́ ẹ bá yà sí apá gúúsù ìpínlẹ̀ wa, Ẹ̀sìẹ́ wà níbẹ̀. Ère òkúta tó wà níbẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún kan, ọdún 1945 ni wọ́n sì ṣí ilé tí wọ́n kó wọn sí, òun sì ni mùsíọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ ní gbogbo Nàìjíríà. Omi Òwu náà wà ní Ọ̀wá Kájọlà, tó ń já láti orí àpáta tó ga tó nǹkan bí 120 mítà. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ọmọ Ìlọrin gbọ́dọ̀ gba físà kó tó dé ibẹ̀.

Ìlú ẹlẹ́ṣin sì ni wá. Nínú àwọn ogun ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ẹ̀rù àwọn ẹlẹ́ṣin Ìlọrin máa ń ba àwọn ará ilẹ̀ ọ̀dàn. Ìgbà tí wọ́n dé Òṣogbo ní nǹkan bí ọdún 1840 ni àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn dá wọn padà, igbó kìjikìji kì í kúkú ṣe pápá ẹṣin. Ohun tí mò ń fà yọ ni pé ṣáájú kí ọ̀dà tó dé ilẹ̀ yìí, ọ̀nà ẹṣin àti ọ̀nà ẹsẹ̀ ló so ìlú pọ̀ mọ́ ìlú. Irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ṣì kún ẹ̀yìn ìlú. Àgbẹ̀ ń gbà á, darandaran ń gbà á. Òun gan-an ni kẹ̀kẹ́ orí òkè ń wá.

Àwọn tó bẹ̀rẹ̀ eré yìí ò ní jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láàárín àwọn ọdún 1970, àwọn ọ̀dọ́ kan ní Marin County, ní California, ń gbé ògbólógbòó kẹ̀kẹ́ gun Òkè Tamalpais, wọ́n á wá sáré sọ̀ kalẹ̀. Ọdún 1976 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìdíje wọn. Repack ni wọ́n pe ìdíje náà, torí bíréèkì wọn máa ń gbóná débi pé gíríìsì inú rẹ̀ á jóná, wọ́n á sì ní láti rọ́ tuntun sí i. Ogún ọdún péré lẹ́yìn náà, ní 1996, eré náà ti wọ Òlíńpíìkì ní Atlanta.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ló ṣílẹ̀kùn. Òfin kan tí wọ́n ṣe ní 1968 lórí ọ̀rọ̀ ìgbèríko fún oníkẹ̀kẹ́ láyè láti gba ọ̀nà ẹlẹ́ṣin, bí ó bá ṣáà ti yà fún ẹlẹ́sẹ̀ àti ẹlẹ́ṣin. Òfin yẹn ò la ọ̀nà tuntun kankan. Èyí tó wà nílẹ̀ ló ṣí sílẹ̀. Ẹ wá wo Rùwáńdà níbí, orílẹ̀-èdè tí òkè kún bámúbámú. Wọ́n ní ọ̀nà kẹ̀kẹ́ kan tó gba ẹ̀bá adágún Kivu, tó gùn ju 200 kìlómítà lọ. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, ìdíje kẹ̀kẹ́ àgbáyé tí wọ́n ń sá lójú títì wáyé ní Kigali, ìgbà àkọ́kọ́ tó wọ ilẹ̀ Áfíríkà rèé. Òkè tiwa ń kọ́?

Ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀ bíi lọ́yà díẹ̀. Ẹ ṣí ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999, ẹ lọ sí Àfikún Kẹrin, níbi tí wọ́n to iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ sí. Ẹ ó bá kẹ̀kẹ́ níbẹ̀! Ìlà (d) ní ìjọba ìbílẹ̀ ni yóò máa fún kẹ̀kẹ́, ọkọ̀ ojú omi kékeré, bárò àti ọmọlanke ní láísẹ́ǹsì. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ sí ìlà (f): ọ̀nà, gọ́tà, iná ojú títì, ọgbà ìgbafẹ́ àti gbàgede, ìjọba ìbílẹ̀ kan náà ni wọ́n gbé wọn fún. Ìlà (d) kì í pa àwọn káńsù wa lára, torí owó wà níbẹ̀. Ẹ bi ọlọ́mọlanke léèrè. Ìlà (f) ni wọ́n máa ń gbàgbé.

Tẹ́lẹ̀, àwíjàre wọn ni pé owó káńsù kì í dé ọwọ́ káńsù. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dájọ́ pé owó ìjọba ìbílẹ̀ gbọ́dọ̀ máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà, kí ìjọba ìpínlẹ̀ má dì í mú. Mo mọ̀ pé ká dájọ́ ọ̀tọ̀, ká mú un ṣẹ ọ̀tọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí mò ń béèrè ò nílò bílíọ̀nù.

Ẹ fi ọ̀dà funfun sàmì sí ọ̀nà ẹsẹ̀ láti Òkè-Lele dé Ṣóbì, kó sì dé Ṣáò. Ẹ ri pátákó mọ́lẹ̀ níbi tí ìtàn bá wà. Ẹ kọ́ àwọn ọ̀dọ́ abúlé ní iṣẹ́ afinimọ̀nà, kí wọ́n máa gbowó lórí rẹ̀. Kí káńsù ṣe òfin kékeré kan: oníkẹ̀kẹ́ lẹ́tọ̀ọ́ sí ọ̀nà náà, ó gbọ́dọ̀ yà fún ẹlẹ́sẹ̀, kò sì gbọdọ̀ tẹ iṣu àti àgbàdo olóko mọ́lẹ̀. Kí ọ̀nà náà sì wà nínú ìwé ìjọba, kí ajagungbalẹ̀ má baà fi ilé dí i. Èyí ló ń kán mi lójú jù, nítorí ìlú ń fẹ̀ lójoojúmọ́.

Mo ti ń gbóhùn ẹnìkan: "Ẹ̀gbọ́n, ajínigbé ń kọ́?" Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, n kò ní purọ́ fún yín. Wọ́n ti jí èèyàn gbé ní ìpínlẹ̀ wa, pàápàá lápá gúúsù. Èmi ò lè dá nìkan gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Omi Òwu, kí ẹnikẹ́ni má sì dán an wò. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní ká bẹ̀rẹ̀ láti Ṣóbì, níbi tí ìlú àti bárékè sójà wà nítòsí. Tó bá jẹ́ Ẹ̀sìẹ́ ni, ẹ kó ara yín jọ, ẹ gbé kẹ̀kẹ́ sínú bọ́ọ̀sì, ẹ lọ lọ́sàn-án, kí ẹ sì jẹ́ kí ará ìlú mọ̀ pé ẹ ń bọ̀. Àmọ́ ẹ rò ó wò: ọ̀nà tó dá páropáro ni oníṣẹ́ ibi ń fẹ́. Ibi tí àlejò bá ń gbà, tí ọmọ abúlé sì ń rówó níbẹ̀, ojú púpọ̀ ló ń ṣọ́ ọ. Èyí ò ní kí ọlọ́pàá má ṣiṣẹ́ wọn o.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ náà, ẹ jẹ́ ká yé fi kẹ̀kẹ́ ṣe àmì òṣì. Láyé àwọn bàbá wa àgbà, ẹni tó bá ra Raleigh, wọ́n á kí i kú oríire. Ẹ wá kẹ̀kẹ́ tó ní bíréèkì gidi, ẹ wá àṣíborí, ẹ gbé omi àti túùbù kan dání, ẹ kó ọ̀rẹ́ méjì mẹ́ta mọ́ra. Lẹ́yìn náà ẹ kọ̀wé sí kánsẹ́lọ̀ yín, kí ẹ tọ́ka sí ìlà (f).

Nígbà tí mo ń padà bọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, mo yà lọ́dọ̀ bàbá fọkanáísà, mo fi fọ́tò tí mo yà láti orí òkè hàn án. Ó gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó sún un mọ́ ojú, ó ń wò ó títí.

"Ìlọrin wa rèé?"

"Òun ni, bàbá."

Ó dá fóònù padà, ó nu ọwọ́ rẹ̀. "Kẹ̀kẹ́ ọmọ ọmọ mi kan ń dípẹtà nílé. Ní Sátidé tó ń bọ̀, ẹ dúró dè é."